Apá Aṣọ Tí Kò Wọ Ihò Rẹ̀

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí Ìyá Oníbébà kò tilẹ̀ kí i. Ó ní apá búláòsì tí Ìyá Oníbébà yà kò wọ ihò apá, ó fi ìka méjì kéré, aṣọ òun sì ti bàjẹ́. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́sàn-án mìíràn ti kọ irú ẹ̀.

Ìyá Oníbébà kì í ránṣọ tà. Ìlànà gígé aṣọ ló ń yà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rà á á tẹ̀ ẹ́ jáde nílé, á lẹ bébà mọ́ra, á gé e, á sì tẹ́ ẹ lé aṣọ. Orúkọ rere ló ń bá a tajà. Bí wọ́n bá ń sọ kiri pé bébà rẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ó wá àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láàárín àwọn tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ìkankan. Ó bi ọ̀kan nínú wọn ibi tó ti rí i. Onítọ̀hún fi ìkànnì kan hàn án láìtijú, níbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti gé àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti lè rà á kúrò, àmọ́ wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa gba èébú.

Inú bí i. Síbẹ̀, ìka méjì yẹn ò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó tẹ ti orí ìkànnì náà jáde, ó fi téèpù wọn orí apá, ó wọn ihò: ìka méjì ló fi kéré lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe yẹn, ó sì ti tún un ṣe kó tó ta ẹyọ kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní èyí tí kò tíì tún ṣe: àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ aṣọ rírán, tó fún pé kó bá òun dán an wò.

Ó lọ bá a níbi iṣẹ́. Àbúrò jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń tú apá kan tí kò wọ̀.

"Ta lo fún ní bébà mi?"

Àbúrò ò gbójú sókè. Ó ní àwọn tí òun ń kọ́ níṣẹ́ nìkan lòun fi ránṣẹ́ sí, òun ò mọ ẹni tó gbé e síta nínú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ohun tó bá jẹ́ tiyín, tèmi náà ni."

"Tìẹ ni. Ti gbogbo ayé kọ́. O sì rí i pé kò wọ̀, o ò pè mí."

"Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rán."

Díẹ̀ ló kù kí Ìyá Oníbébà rẹ́rìn-ín. Ó fa àga, wọ́n jọ ń tú u. Níbẹ̀ ló ti rò ó pé bí àwọn oníkànnì náà bá tiẹ̀ yọ ọ́ lónìí, wọ́n á gbé e sí ibòmíràn lọ́la, aṣọ á sì máa bàjẹ́ lórúkọ òun.

Nígbà tó délé, ó ya apá tó wọ̀ dáadáa nìkan, ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lára gbogbo ìlànà gígé, ọfà kan máa ń wà tó ń fi ibi tí fọ́nrán aṣọ gbọ́dọ̀ kọjú sí hàn. Ẹni tó bá pa á rẹ́, apá aṣọ rẹ̀ á lọ́. Ìyá Oníbébà ò fi ìlà ya ọfà tirẹ̀. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti ti àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ ló tò tẹ̀ léra di ọfà, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìkànnì àwọn olè ti gbé apá náà. Ó ṣí i, ó sọ ọ́ di ńlá lójú kọ̀ǹpútà. Ọfà wà níbẹ̀ digbí. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí ò ń kọ́ níṣẹ́. Kí wọ́n ka ọfà yẹn sókè kí wọ́n tó gé aṣọ."