Kíláàsì Àbúrò Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin àbúrò rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pe olùkọ́ náà, ó ní kó wá gba kíláàsì àwọn ọmọ tuntun tí àbúrò náà ì bá gbà. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kíláàsì kẹfà ni olùkọ́ ń kọ́, àwọn ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọn ikun ara wọn. "Ẹ dákẹ́" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń pè é lẹ́yìn: Àǹtí Ẹ-Dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ní èjí, àwọn ọmọ kéékèèké a máa pè é ní Àǹtí Eléjí lójúkojú, yóò sì dá wọn lóhùn. Ọ̀gá ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, pé kò pọn dandan. Olùkọ́ ní ó dáa. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í láti ìgbà ìsìnkú, ó dáa náà ló ń sọ.

Kò tíì sunkún. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ó ṣe ọkàn akin, pé òun ló di ìyá wọn mú tí kò fi ṣubú. Òun nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ akin kọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó wá jí, tó ń fi ọwọ́ kejì gbé e bí ẹni gbé apá ẹlòmíràn.

Nígbà tó wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Ìkọ́ méjìlélógún wà lára ògiri fún báàgì, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lókè ìkọ́ tirẹ̀, àwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ nítorí pé wọn ò tíì mọ̀wé kà: ẹja, agboorùn, àkàbà, kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí mú wọn wá wo ilé-ìwé ṣáájú ìsinmi, oníkálukú ló fẹnu ara rẹ̀ mú èyí tó wù ú, Àǹtí Eléjí sì yà á fún un. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni olùkọ́ ti rí ìwé kan. Ó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí atẹ́gùn ń tì. Àbúrò rẹ̀ ti kọ ohun tó ṣàkíyèsí nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹja: yóò sunkún bí ìyá rẹ̀ bá ti kẹ̀yìn. Fún un níṣẹ́ ṣe. Agboorùn: òun kọ́ ni wàhálà, bàbá rẹ̀ ni. Rọra lé bàbá. Àkàbà: ojú ń tì í láti béèrè ilé ìtọ̀. Ìwọ ni kó o bi í."

Olùkọ́ kà á bí ẹni ka ìlò oògùn lára ìgò.

Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí ẹkún fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ké, èkejì gbè é. Ẹja lẹ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ bí èèmọ́. Olùkọ́ gbé ife pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú àga kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń pín in. Nígbà tó fi máa dé àga kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹkún ti tán fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí pẹ́ńsù má lọ dín. Bàbá Agboorùn, ọkùnrin bírìkìlà kan tó síngbọnlẹ̀, dúró ti fèrèsé. Ó ní òun fẹ́ rí i kó jókòó. Nígbà tó jókòó, ó ní òun fẹ́ rí i kó mumi. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ti géètì, kó sì tì í láti ìta. Ó lọ tì í, ìgbà tó tì í tán ló tó mọ̀ pé òun ti wà lóde. Ó dúró sẹ́yìn géètì, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà nu ojú. Olùkọ́ rí i pé ó yẹ kó pa òun lẹ́rìn-ín. Kò pa á lẹ́rìn-ín.

Ó bi Àkàbà nípa ilé ìtọ̀. Eré ni ìyẹn sá débẹ̀.

Ó wá ku Kọ́kọ́rọ́. Ọmọbìnrin ni, ìyá àgbà rẹ̀ ló mú un wá, ó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sunkún, kò sì jókòó. Abẹ́ ìkọ́ rẹ̀ ló dúró sí, báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ pè é kó wá jókòó, ó mi orí. Ó tún un pè, ó tún mi orí. Olùkọ́ wo ìwé. Àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò rẹ̀ fi síwájú Kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ yìí ò pariwo tí wọ́n fi máa ní kó dákẹ́. Olùkọ́ fi àwọn tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti ọ̀dà, ó lọ dúró tì í, ó fẹ̀yìn ti ògiri bíi tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wo iwájú.

Ọmọ náà ní, "Àǹtí Eléjí ńkọ́?"

Ọ̀gá ti ní kí wọ́n sọ pé ó rìnrìn àjò. Nílé, wọ́n ń sọ pé ó ti lọ sinmi. Olùkọ́ la ẹnu láti mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Ó ti kú," ló sọ. "Àbúrò mi ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ọmọ náà rò ó wò.

"Ó ní òun máa bá mi tú báàgì. Ó le."

Olùkọ́ kúnlẹ̀. Wọ́n ti so okùn báàgì náà pọ̀ ní igbá àyà rẹ̀, kókó ibẹ̀ le bí ẹ̀kùrọ́. Ó fi èékánná tú u, kò tú. Ó fi eyín fà á, ó tú. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì kọ́, ó lọ jókòó. Olùkọ́ ò tíì dìde. Ó rò pé nǹkan kan máa dé báyìí, ó sì ń dúró dè é. Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó di tábìlì mú, ó dìde, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìbéèrè náà pé: "Bá a tú báàgì."

Nígbà tí wọ́n jáde nílé-ìwé, ó bẹ ìyá àgbà náà pé kí wọ́n má so okùn náà le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà ní ọmọ náà ló ní kí òun so ó kó le, pé ẹnì kan wà ní ilé-ìwé tó máa bá òun tú u.

"Ó dáa, mà," ni olùkọ́ wí.

Nígbà tí agbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú korobá omi, ó bá olùkọ́ lórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó kí i kú iṣẹ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gbẹ́sẹ̀. Olùkọ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Agbálẹ̀ nu abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó nu gbogbo kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà, ó da omi nù, ó padà wá mú àkísà rẹ̀.

"Àǹtí, ilẹ̀ ti gbẹ," ni agbálẹ̀ wí. "Ẹ lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀."