Ẹni tí Yóò Pèéṣẹ́ Lẹ́yìn Olútáyọ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, Olútáyọ̀, ọkọ àbúrò mi, fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù lórí pápá kan ní Glenn Dale, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ló padà wálẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo to orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, mo sì mọ orúkọ tí kò yẹ kí n kọ sí i.

Taofeek ló kó bọ́ọ̀lù yìí wá bá wa. Ó ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́fà ní Perth, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kó tó wá sí Laurel níbí, Perth ló sì ti kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin. A lè fi ẹsẹ̀ gbá a, a lè gbé e sáré, a sì lè fi ìkúùkù lù ú sí ẹlòmíràn. Níbí, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Rẹfirí a ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín pápá, ẹni gíga kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan a fò sí i, ẹni tó bá borí a sì lù ú sílẹ̀ fún àwọn tirẹ̀.

Èmi, Rẹ̀mílẹ́kún, n kì í gbá a. Orúnkún òsì mi bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2010, nígbà tí mo ṣubú lórí yìnyín ní ibùdókọ̀ kan ní Forestville, tí mo sì jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì kí bọ́ọ̀sì tó dé. Iṣẹ́ tèmi ni láti yan ẹgbẹ́. Wọ́n gbé e fún mi nítorí pé n kì í gbàgbé nǹkan. Mo mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí oorun yóò máa kùn ní Sátidé, mo sì mọ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lè pè padà sí ọsibítù nígbàkígbà.

Àwọn tí kò mọ̀ rò pé kí á kó àwọn tó dára jù jọ ni yíyan ẹgbẹ́. Asáré mẹ́sàn-án lè dára, kí wọ́n sì pàdánù, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fò. Àwa ní asáré mẹ́rin, gbogbo wọn nọ́ọ̀sì tó ti mọ́ lára láti máa sáré lọ sáré bọ̀ fún wákàtí méjìlá. A ní adènà méjì, Fúnṣọ́ ni àgbà nínú wọn, kò yára ṣùgbọ́n kò ṣeé tì. A ní atamátàsé méjì, tí wọn kì í ṣìnà bí wọ́n bá gbá a sáàárín òpó mẹ́rin tó jẹ́ góòlù. Afòsókè wa ni Olútáyọ̀. Ìyẹn pé mẹ́sàn-án, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. A kò ní apèéṣẹ́, ẹni kúkúrú tó yára, tí yóò dúró lábẹ́ afòsókè láti ṣa ohun tó bá bọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gun igi ọsàn, tó ń já èso sílẹ̀, tí àwọn ará ilé kejì ń kó o lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Olútáyọ̀. Ó fẹ́ Ìdùnnú àbúrò mi ní ọdún 2020. Kò sí ará ilé rẹ̀ kankan níbi ìgbéyàwó náà. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń tẹrí kó tó wọ yàrá ìdáná wọn. Bó bá fò, ó máa ń pẹ́ lókè ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọ̀tá wa á ti balẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. N kò gbọ́ kó mí hẹlẹ rí. Ìrì máa ń wà lórí koríko láàárọ̀, gbogbo bàtà yòókù á rin gbingbin, tirẹ̀ á gbẹ.

Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Forestville ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti wẹ ènìyàn mẹ́tàdínlógójì tó kú síbẹ̀. Mo mọ irú òtútù náà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, ní ọdún 2022, ó dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi.

“Bọ̀dá Rẹ̀mí, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọmọ Òkèhò wá síbí.”

“Òkèhò tìrẹ? Ṣé ẹ jà ni?”

“A ò jà, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó mọ̀ mí nílé bá fi ojú kàn mí, mi ò ní lè dúró ti Ìdùnnú mọ́. Màá lọ ni. Kò sí lọ́wọ́ mi.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Mo mọ orúkọ tí ìyá àgbà wa ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àkúdàáyà ni, ẹni tó kú ní ìlú kan, tó wá ń gbé ilé ayé níbòmíràn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé wọ́n ti sin ín. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ kọ́ nípa ara ènìyàn ní ilé-ìwé alẹ́. Mo wí fún ara mi pé ohun tó kú ti kú. Mo ṣèlérí fún un.

Ní oṣù keje ọdún 2024, a pàdánù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Baltimore. Lẹ́yìn eré, a dúró nídìí mọ́tò, a ń mu omi.

“Táyọ̀ ṣe sàráà lónìí,” Fúnṣọ́ wí. “Gbogbo bọ́ọ̀lù tó já lókè, ó pín in fún Baltimore.”

“Ìwọ ńkọ́?” Taofeek dá a lóhùn. “Èyí tó bọ́ síwájú ẹ, o dọ̀bálẹ̀ fún un bíi pé bàbá ìyàwó ẹ ni.”

“Mo bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀yìn ló ń dùn mí!”

“Ẹ̀yìn ẹ ti ń dùn ẹ́ kí n tó kúrò ní Perth. Bọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ bá wa wá apèéṣẹ́. Ẹni kúkúrú. Ẹni tí ojú kì í tì.”

Olútáyọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ojú mi ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ibi iṣẹ́ mi ni mo ti rí i. Ṣàmsúdéènì ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò ga ju èjìká mi lọ. Bàbá kan ju ife tíì dànù lórí ibùsùn, Ṣàmsúdéènì sì gba ife náà kó tó kan ilẹ̀, láì wẹ̀yìn. Mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo béèrè bóyá ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó ní òun lè gbá èyíkéyìí. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ohun tí gbogbo wa máa ń bi ara wa.

“Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ọmọ Òkèhò ni mí, sà.”

Ó yẹ kí n ti kúrò níwájú rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Òkèhò kì í ṣe ìlú kékeré. Ọdún méjìlá ni Olútáyọ̀ fi jù ú lọ. Wọ́n lè má mọ ara wọn rárá.

“Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ìlú rẹ nínú ẹgbẹ́ wa, sọ pé Ìbàdàn lo ti wá.”

“Ẹ̀ẹ́! Bọ̀dá, kí ni Òkèhò fi ṣe yín?”

“Ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa. Mo ti di ọmọ Ìbàdàn láti òní. Ẹ wá ilé ìdílé kan fún mi níbẹ̀ o.”

Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, kí á lè mọ bí a ó ṣe kí i. Èmi ni mo bá a kọ ọ́. Olútáyọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì: “Káàbọ̀, ọmọ Ìbàdàn.” Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa fóònù.

Mo fi ìdánrawò Ṣàmsúdéènì sí àwọn Sátidé tí mo mọ̀ pé Olútáyọ̀ wà níbi iṣẹ́. Wọn kò pàdé.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu bo pápá náà láti àárọ̀. A ń bá ẹgbẹ́ kan láti Virginia gbá. Igi tó wà lẹ́yìn òpó kò hàn, òpó fúnra rẹ̀ hàn bí ènìyàn mẹ́rin tó dúró. Olútáyọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì wọ inú ìkùukùu náà lọ tààrà. Mo fi Ṣàmsúdéènì jókòó tì mí. Gbogbo ohun tí a ń gbọ́ ni ìró ọwọ́ lára bọ́ọ̀lù, lókè, lẹ́yìn náà ariwo àwọn ará Virginia tó ń gbé e lọ.

Taofeek sáré jáde wá bá mi, òógùn ń kán lójú rẹ̀.

“Bọ̀dá Rẹ̀mí, kí la ń ṣe? Ó ń já a, kò sẹ́ni tó ń ṣà á! Ẹ fún wa ní apèéṣẹ́ wa!”

Ìkùukùu ti ń fúyẹ́ nígbà náà. Mo rí i pé ó ń fúyẹ́. Mo di apá Ṣàmsúdéènì mú.

“Fetí sílẹ̀. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ. Má wòkè, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, sà.” Ó sáré wọ pápá, Taofeek sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Olútáyọ̀ lu bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọkùnrin náà gbé e lábẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, tí kò gbójú sókè. Àwọn asáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn atamátàsé sì parí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ náà dúró déédéé. Mo gbàgbé ohun tí mo ṣe. Inú mi dùn.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, rẹfirí ju bọ́ọ̀lù sókè gan-an. Ẹni gíga ti Virginia fò, ó sì balẹ̀. Olútáyọ̀ ṣì wà lókè. Ó pẹ́. Ṣàmsúdéènì ń dúró de ohun tí yóò bọ́, kò rí nǹkan kan, ó sì gbójú sókè.

“Bọ̀dá Táyọ̀?”

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó dà bí ìgbà tí a bá kí ènìyàn ní títì.

“Bọ̀dá Táyọ̀ ti ilé Alágbẹ̀dẹ? Ṣebí mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin yín! Ṣebí èmi náà bu yẹ̀pẹ̀ lé yín!”

Olútáyọ̀ yí ojú padà níbi tó wà. Kò wo Ṣàmsúdéènì. Èmi ló wò. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́, ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

Ẹni gíga ti Virginia ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Fúnṣọ́ jókòó sórí koríko. Rẹfirí rìn wá bá mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá a fẹ́ máa bá a lọ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́jọ, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní mẹ́sàn-án ni wá. Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Mẹ́jọ ló kọ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló ń fò fún wa. Ó tún wo ìwé rẹ̀, ó sì padà sí àárín pápá.

Mo wa mọ́tò lọ sí ilé Olútáyọ̀ àti Ìdùnnú ní Laurel. Ìdùnnú ti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó kàn án. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ọmọ Òkèhò wo lẹ mú wá?”

“Ọmọ Ìbàdàn ni...”

“Ẹ má parí ẹ̀.” Kò sunkún. “Ó sọ fún mi kó tó fẹ́ mi. Ó ní ẹ̀yin nìkan lòun tún sọ fún. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́kọ́ ń wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń bi àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìlú wọn, kí òun tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin wá lọ mú ọmọ Òkèhò wá bá a, torí bọ́ọ̀lù.”

Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọn tó ṣí sílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ṣófo, kò sí aṣọ, kò sí ohun tí a fi ń gbé aṣọ kọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ó kó kúrò nílé náà, kò sọ ibi tó lọ fún mi, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ẹgbẹ́ wa tú ká. Ìdùnnú pàdánù ọkọ rẹ̀. Èmi pàdánù Ìdùnnú.