Fídíò Ẹ̀bẹ̀ Àǹtí Aláwọ̀

Nígbà tí wọ́n gba Àǹtí Aláwọ̀ sí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yẹn, iṣẹ́ kan péré ni wọ́n ní kó wá ṣe: kó máa ya ojú páálí tí wọ́n ń di ọṣẹ sí. Iṣẹ́ náà sì yé e dọ́ba. Ó mọ àwọ̀ tó ń pe oníbàárà láti òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, ó mọ irú lẹ́tà tí ojú ń kà kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń kàwé. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ò bá a dé ọ́fíìsì rárá. Àǹtí Aláwọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, látorí Ọ̀gá títí dórí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Àfìgbà tí Ọ̀gá lọ sí ìpàdé àwọn oníṣòwò kan. Ẹnì kan dìde níbẹ̀, ó ní ayàwòrán òde òní kì í ṣe ayàwòrán lásán mọ́, gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ yìí wálé bí ẹni tó rí ọjà ọ̀fẹ́ he.

"Àǹtí Aláwọ̀, ṣé o lè mú kí àwòrán yìí máa rìn?"

Ó ní òun á kọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ. Bí àwòrán ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Ọ̀gá ní kámẹ́rà ńkọ́? Ó kọ́ kámẹ́rà. Wọ́n ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán, kó máa bójú tó ojú ewé ilé-iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó máa fi ẹ̀rín dá oníbàárà tó bá bú wọn lóhùn. Ìkànnì tí wọ́n ti ń tajà, òun náà ni. Kódà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì bá há bébà sí ikùn, òun ni wọ́n ń sáré pè, nítorí pé kọ̀ǹpútà ló wà níwájú rẹ̀. Bí ẹni pé ẹni tó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà ti di ọmọ ìyá gbogbo ohun tó ń lo iná.

"Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani," Ọ̀gá máa ń wí. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé, ẹlòmíì ló ń bá a po tíì rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá Àǹtí Aláwọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń wọlé lálaalẹ́ pẹ̀lú fóònù ilé-iṣẹ́ tí kì í sinmi.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni màmá wí lọ́jọ́ kan, "mo ránṣọ títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n tún wọ̀ ọ́ jó fún òun. Ṣé ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀ ni?"

"Bí ayé ṣe dà nìyẹn, Màámi."

"Ayé wo? Ayé ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí ọ̀gá rẹ?"

Àǹtí Aláwọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọṣẹ tuntun dé. Ó ya páálí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù, ó sì wu gbogbo ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ẹni tí kò ṣe é rí ò lè mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, íǹkì ni àwọ̀ orí páálí. Ohun tó ń dán nínú kọ̀ǹpútà lè kú mọ́ páálí lára. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ó ní láti yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí ti íǹkì, kó tẹ ẹyọ kan, kó gbé e lọ sójú fèrèsé wò lọ́sàn-án gangan. Àǹtí Aláwọ̀ kì í fo ìyẹn. Bí ẹni ń fọwọ́ kó tó jẹun ló ṣe rí fún un.

Àfi ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án tó yẹ kí páálí lọ, orí àga ló wà tó gbé kámẹ́rà dání. Ọ̀gá ń fi ọṣẹ tuntun fọwọ́ nínú fídíò, ó ní kó tún un yà, pé ọṣẹ ò tíì hó tó. Ó tún un yà. Ọ̀gá ní ikùn òun ti yọ jù, kó tún un yà. Fóònù ilé-iṣẹ́ ń dún lápò rẹ̀, oníbàárà kan ń bínú, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó fèsì. Bàbá onítẹ̀wé náà ń pè, pé ẹ̀rọ òun ti ń dúró. Ó fò sílẹ̀ lórí àga, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bó ṣe wà, ó sì tún gun àga padà.

Páálí dé láti ilé ìtẹ̀wé, wọ́n di ọṣẹ sí i, wọ́n kó o lọ sáwọn ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó fi han Àǹtí Aláwọ̀, nítorí pé ìkànnì ló ń tún ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ ewé tútù ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Àwọn oníbàárà ní ọṣẹ ti bu. Àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

"Ọṣẹ tí páálí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wá ibi tó máa ti wẹ̀," ni Oníṣirò owó wí. Àwàdà gidi ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá pè é wọ yàrá rẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà. Mi ò yí àwọ̀ rẹ̀ padà, mi ò sì tẹ ẹyọ kan wò. Àṣìṣe mi ni. Àmọ́ ẹ bi mí níbi tí mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Wàá ṣe fídíò. Wàá dúró síwájú kámẹ́rà, wàá bẹ àwọn oníbàárà wa, wàá sọ pé o ò kọbi ara sí iṣẹ́ rẹ. Kó dùn ún wò o. Fi orin sí i."

"Ta ló máa yà á, sà?"

"Ìwọ náà kọ́?"

"Ta ló máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Ta ló ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Àǹtí Aláwọ̀, má fi àkókò mi ṣòfò. Bí fídíò yẹn ò bá sí lójú ewé wa kí n tó jẹun ọ̀sán, kó ẹrù rẹ."

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀gá ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló sì wà nínú ewu, orúkọ ni. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ lójú gbogbo ayé pé òun ò kọbi ara síṣẹ́, ta ló tún máa gbé àwòrán fún un yà láéláé?

Ó wọ yàrá ẹrù, ó gbé kámẹ́rà lé orí páálí ọṣẹ tí wọ́n dá padà. Inú ń bí i. Ó dúró kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà ló tan kámẹ́rà.

"Ẹ káàsán o. Èmi ni mo ya páálí tí ẹ rí yìí. Ọṣẹ inú rẹ̀ ò bu, ẹ fi wẹ̀. Páálí ni ò dáa, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi ránṣẹ́ láì wò ó, ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Lásìkò tó yẹ kí n wò ó, èmi ni mo gbé kámẹ́rà, èmi ni mò ń kọ̀wé, èmi ni mò ń dá yín lóhùn lórí fóònù. Èyí tí ẹ ń wò yìí náà, èmi ni mò ń ya ara mi, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn kámẹ́rà. Wọ́n ní kí n sọ pé mi ò kọbi ara síṣẹ́ mi. Irọ́ ni. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì tí wọ́n dì lé mi lórí ni ò jẹ́ kí n rójú ṣe tèmi. Mo mọ páálí yà. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé èèyàn kan ṣoṣo ni mí."

Kò fi orin sí i. Ó gbé e sójú ewé ilé-iṣẹ́, ó gbé kámẹ́rà padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Tíṣà kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé òun náà ni òun ń kun ògiri kíláàsì òun. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n má wulẹ̀ jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá já jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Yọ ọ́! Yọ ọ́ báyìí!"

"Mi ò ní yọ ọ́, sà." Ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú ewé náà sórí bébà, ó nà án sí i. "Ohun tí wọ́n fi ń ṣí i nìyí. Mi ò ti nǹkan kan mọ́ yín. Ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́."

Ọ̀gá na bébà náà sí Oníṣirò owó. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n yọ dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ síta. Ó wo bébà, ó wo Àǹtí Aláwọ̀.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ owó lẹ gbà mí fún."

Ọ̀gá yíjú sí olùtọ́jú ẹrù. "Èmi, ẹrù ni mò ń tọ́jú, sà," nìyẹn wí, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí èèyàn. Ẹ̀ṣọ́ tó yọjú wá wòran ti ń padà sẹ́nu géètì rẹ̀, ibi tí wọ́n gbà á sí.

Ohùn Ọ̀gá wálẹ̀. "Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Páálí ni mo fẹ́ yà, sà. Màá tún èyí ṣe kó tó dọ̀la. Ìyókù, ẹ wá ẹni tó máa ṣe é."

"Bí mi ò bá wá ẹnì kankan ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́ ọ, sà. Kò le. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Ó gbé kámẹ́rà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé e lé Ọ̀gá lọ́wọ́, ó sì jókòó ti páálí rẹ̀.