Abọ́ Tí Wọ́n Fi Ìwé Ìròyìn Ṣe

Àmínátù gbé ìbùsùn ìyá rẹ̀ sókè, kò rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó tún un gbé. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fi wé ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama rẹ̀, kó má baà ká, ti lọ tòun ti ìwé ẹ̀rí.

"Màámi, ta ló kó ìwé ìròyìn tó wà níbí?"

Ìyá rẹ̀, Fáòsíà, ń to ọṣẹ sórí tábìlì ọjà rẹ̀ níta. "Raqeebah ni. Ó ní tíṣà wọn ní kí wọ́n kó o wá, wọ́n fẹ́ fi ṣe abọ́."

Àmínátù ju ìbùsùn sílẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹni tí kò bá mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí wá, kó má wulẹ̀ yọjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò ìṣirò kó tó yege.

Sílípáàsì ló wọ̀ tó fi sáré la àdúgbò Alajo ní Accra já dé ilé ìwé àbúrò rẹ̀.

Ariwo ń sọ ní kíláàsì kẹta. Àwọn ọmọ ti fi sitáàṣì ra apá dé ìgúnpá. Láàárín wọn ni bàsíà ńlá kan wà, ó kún fún ìwé tí wọ́n ya wẹ́wẹ́, tó ti rẹ̀ bí ògì. Tíṣà wọn, Phoebe, ọmọ Yorùbá tó ti ń gbé Accra láti kékeré, wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú ìwé ìròyìn tí Raqeebah kó wá."

Phoebe fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Àti àárọ̀ la ti ń ya ìwé."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ ti bàsíà, wọ́n ń tọwọ́ bọ inú ẹ̀. Bí Àmínátù bá ti rí ègé tó funfun díẹ̀, á yára fà á yọ. Á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, á rí i pé ìpolówó mílíìkì ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa kan ìsàlẹ̀ bàsíà, omi ti ń dà lójú rẹ̀. Raqeebah fara ti ògiri, òun náà ń sunkún.

Phoebe nu ọwọ́, ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Má bẹ̀rù. Nínú ìwé tóo kó wá, ṣé ọ̀kan wà tó le ju àwọn yòókù lọ?"

"Ó wà, Mádáàmù. Ẹ ní ká má fi ìwé tó bá le sómi."

"Níbo lo wá fi í sí?"

Raqeebah nàka sójú fèrèsé, níbi tí wọ́n sá àwọn abọ́ tútù sí. Orí ègé páálí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ tirẹ̀ lé, ó sì kọ orúkọ sára páálí náà. "Mi ò ní páálí," ló wí.

Àmínátù rọra gbé abọ́ àbúrò rẹ̀ kúrò. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ RAQEEBAH gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yí i padà. Orúkọ rẹ̀ pé, máàkì rẹ̀ pé, òǹtẹ̀ ń dán. Ẹ̀yìn nìkan ni sitáàṣì ti fi àmì róbótó kan sí.

"Alhamdulillahi!" Ó wó jókòó sórí àga kékeré kan, ẹ̀rín àti ẹkún gba ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àǹtí, ṣé ẹ máa nà mí?"

"Ta ló fẹ́ nà ọ́? Ká ní o ò gbọ́rọ̀ sí tíṣà yín lẹ́nu ni, ìgbà yẹn ni ǹ bá ké."

Phoebe bẹ àwọn méjèèjì, ó ní ó yẹ kí òun ti yẹ gbogbo ìwé náà wò ṣáájú. Ó fi rọ́bà pa orúkọ náà rẹ́ pẹ̀lú sùúrù.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń yẹ ìwé wò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi ìka kan àmì róbótó náà, ó béèrè ohun tó dé bá a. Àmínátù sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó fi èdè Twi sọ fún un pé kó wọlé lọ jókòó.

Nígbà tí Àmínátù pe ilé lọ́sàn-án, "Wọ́n gbà mí" nìkan ló rí sọ. Ariwo tí Fáòsíà fi dáhùn mú kí àwọn ará ilé kejì sáré jáde síta.