Àyè Tí Fáìlì Gbà

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń pàtẹ́wọ́ fún Tinúadé. Kazeem nìkan ló tẹrí mọ́ láptọ́ọ̀pù kan, tó ń tú bátìrì tí kò ní àrùn kankan. Ó gbọ́ tí Ọ̀gá Dàwódù ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ mẹ́ta, èdè mẹ́ta, ó sì bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀." Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jí dé ṣọ́ọ̀bù yìí ní Òtígbà, ọjà àwọn oníkọ̀ńpútà, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un rí.

Ohun tí Tinúadé ṣe ni pé ó kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń wọn àyè tí fáìlì gbà lórí dísìkì. Bí Windows ṣe ń ka àyè kọ́ ni Mac ṣe ń kà á, Linux náà sì ní tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Kazeem ni wọ́n máa ń pè. Á jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, á kọ nọ́ńbà sínú ìwé, á rò wọ́n pọ̀, ilẹ̀ á sì ti fẹ́ ṣú. Ọmọbìnrin tí kò tíì lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ wọn yìí wọn ẹ̀rọ oníbàárà kan tó wà l'Ágége látorí àga rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tún ń mu sóbò lé e.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, ì bá fara dà á. Àmọ́ ọ̀gá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Opebi, yóò sì mú ẹnì kan ṣe olórí ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kazeem ti sọ fún Modinat ìyàwó rẹ̀ pé òun ni. Ó ti sọ fún àwọn ará ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Ní báyìí, ó ń rí bí ojú ọ̀gá ṣe ń tẹ̀lé ọmọ yẹn kiri, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni oníbàárà náà. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo fáìlì wọn sórí dísìkì kan lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé wọ́n ti ta sáfà àtijọ́ wọn, ẹ̀rọ tí fáìlì gbogbo ọ́fíìsì wà nínú rẹ̀, ẹni tó rà á ń bọ̀ wá gbé e ní aago mẹ́ta. Prógíráàmù Tinúadé ní gbogbo rẹ̀ ò ju irinwó gíígì lọ. Ó mú dísìkì tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Kazeem wo nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé dísìkì náà ò ní tó. Ojoojúmọ́ ni sáfà yẹn ń ṣe àkópamọ́, tó ń fi ẹ̀dà àwọn fáìlì pa mọ́. Fáìlì tí kò bá yí padà, kì í tún un kọ, orúkọ mìíràn ló máa ń fún un. Bí ọmọ tí bàbá, ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n bàbá sọ lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ ni: orúkọ méje, ọmọ kan. Prógíráàmù ka ọmọ, ó sì kà á dáadáa. Àmọ́ irú dísìkì tí wọ́n ń gbé lọ yìí, èyí tí Windows àti Mac jọ lè lò, kò gbà kí fáìlì kan jẹ́ orúkọ méjì. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló máa sọ di odidi ọmọ. Irinwó yẹn á di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún.

Kò sí ìwé tí Kazeem ti kà á. Ó ti jẹ ìyà rẹ̀ ni, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níwájú oníbàárà, tí dísìkì kún mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú dísìkì tó gba ẹgbẹ̀rún méjì gíígì lórí pẹpẹ, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, ó sì pa àpò náà dé.

Aago mẹ́wàá ni Tinúadé bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì l'Ágége. Ọ̀gá Dàwódù bá òun àti Kazeem lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọbìnrin náà yíjú sí Kazeem.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo gbàgbé nǹkan."

"Ìwọ tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀," ni Kazeem dá a lóhùn. "Kí ni wàá gbàgbé?"

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí iṣẹ́ fi dúró. Dísìkì ti kún. Ìyáàfin Láídé, tó ń mójú tó ọ́fíìsì náà, wo aago, ó wo Tinúadé.

"Ṣebí ẹ ní ó máa gbà á?"

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, mà. Èmi ni mo ṣìṣe." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn fáìlì náà. Kazeem jẹ́ kó wọ̀n wọ́n díẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ ọn, ká má parọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí àpò, tó gbé dísìkì ńlá náà kalẹ̀.

Ọ̀gá Dàwódù mí kanlẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Kazeem, ìwọ lo ni Opebi. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Wọ́n kó èyí tó kù. Tinúadé béèrè bó ṣe jẹ́, Kazeem ṣàlàyé, ọmọbìnrin náà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní:

"Kí a tó kúrò ní Òtígbà lẹ ti mú dísìkì yẹn, sà."

Kì í ṣe ìbéèrè ló bi í. Kò sì pè é ní bọ̀ọ̀dá mi mọ́. Kazeem ní òun fẹ́ mu omi, ó jáde.

Nígbà tó wọlé padà, iṣẹ́ ti parí, aago mẹ́ta ku díẹ̀. Ọ̀gá Dàwódù ń di àpò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ta lo máa mú dání lọ sí Opebi? Ẹni tó bá wù ẹ́ ni kó o mú."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí Opebi fẹ́. Ó ń ká wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, kò gbójú sókè. Kazeem ní òun á ṣì rò ó. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Tinúadé, ọmọbìnrin náà yóò ní òun ò lọ, Kazeem ò sì ní lè bi í pé kí ló dé.