Géèmù tó sùn sórí ìrọ̀rí mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Ọkọ mi tó ń tún géèmù ṣe gbé ọ̀kan sórí ìrọ̀rí mi, ó fi ìborùn mi bò ó. Ó fẹ́ ṣe é kó lè máa gba gbogbo sídiì.

Ó bi géèmù náà pé, "Olólùfẹ́, ṣé kí n tú ọ, kí n fi iná jó wáyà mọ́ ọ nínú, àbí kí n kàn ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́? Èwo ni kò ní dùn ọ́?"

Èmi tí ó máa ń fa irun mi bí ẹni ń tu koríko, tó bá ń bá mi tú u, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí!

Géèmù ní fláàṣì ni kó lò. Ó yọ ibi tó fi ń gba sídiì síta bí ahọ́n, ó ní, "Ẹ kú ilé, ìyáálé mi."

Mo gbá ahọ́n náà mú, mo fà á tagbáratagbára.

"Yéè! Etí mi!"

Mo lajú, etí ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò sì tètè fi í sílẹ̀.