Ìlú Tó Gba Máàkì Mẹ́sàn-án

Ìlú tó gba máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ mi ni ìlú tí kò ti sí orí kan ṣoṣo tó fẹ́ gẹ irun.

Orí òkè ni ìlú náà wà, òwúrọ̀ la sì débẹ̀. Bọ̀dá mi páàkì bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n nu dígí, wọ́n gbọn aṣọ funfun tí wọ́n máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn, wọ́n sì lọ jókòó sórí àga oníbàárà láti dúró. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, àwọn fúnra wọn ló ṣì wà lórí àga.

Onígbàjámọ̀ ni bọ̀dá mi. Inú bọ́ọ̀sì náà là ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn: àga àti dígí níwájú, bẹ́ẹ̀dì méjì lẹ́yìn kọ́tìnì, ọ̀kan lórí èkejì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yan ibi tó kàn. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì ni ara mi kì í gba kí n jókòó sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè rí àlọ́ kí n má fẹ́ já a. Mo wá sọ ojú ọjọ́ di àlọ́. Mo máa ń wo bí ooru ìlú kan ṣe tó, bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ àti bí òjò ṣe ń rọ̀. Màá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù, màá fún ìlú náà ní máàkì ìtura. Èyí tó bá gbégbá orókè, ibẹ̀ là ń forí lé.

Kì í ṣe fáàárí ló fà á. Bí bọ̀dá mi bá sùn nínú ooru, ara wọn á sú, wọ́n á máa họra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní ìlú tí a ti kúrò, níbi tí oníbàárà ti ń tò wá bí èèrà, wọn ò fojú kan oorun rárá. Lọ́jọ́ kan ọwọ́ wọn gbọ̀n, kílípà sì bu etí awakọ̀ takisí kan jẹ. Ọkùnrin náà gbá etí mú.

"Ọ̀gá, irun ni mo ní kẹ́ ẹ gẹ̀ o!"

A bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi gbẹ. Ọjọ́ yẹn ni bọ̀dá mi ní kí n wá ibi tí àwọn ti lè sùn. Mo wá a, mo rí ìlú tó gba mẹ́sàn-án yìí.

Lóòótọ́ òtútù ibẹ̀ dára fún oorun. Ṣùgbọ́n bàbá kan ń kọjá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tí a débẹ̀, bọ̀dá mi sì kí i.

"Bàbá, ẹ wá jẹ́ ká tún orí yín ṣe."

Bàbá náà ti dé fìlà onírun bo etí méjèèjì. "Nínú òtútù yìí? Irun yìí laṣọ orí mi o."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti máa rí wúruwùru."

"Ẹ̀yin lẹ rí i? Fìlà lẹ rí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ padà wá tí ooru bá dé."

Mo wo òpópónà náà sókè sódò. Fìlà, fìlà, fìlà. Mo ti ṣírò ooru, mo ti ṣírò ọ̀rinrin, mi ò ṣírò fìlà.

Fóònù bọ̀dá mi dún. Oníbúrẹ́dì kan tó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì wa láti máa fi kó búrẹ́dì kiri ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń fojú sí i. Bọ̀dá mi gbọ́ tirẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la." Wọ́n kọjú sí mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Ojú-Ọjọ́." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn tí inú wọn ò bá dùn. "Tí ọ̀la bá tún rí báyìí, màá ta bọ́ọ̀sì yìí. Màá padà lọ máa gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, ìwọ náà á padà sí yàrá àǹtí wa."

"Bọ̀dá mi, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Ìwọ tó ò gbé abẹ rí lò ń pòwe orí fún mi? Ó dáa, gba tèmi náà: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Nígbà tó ò ń fún ìlú ní máàkì, ta lo bi? Ooru tó ń lé oorun lójú mi náà ló ń lé oníbàárà wá bá mi. Wá ìlú tí orí wọn ti ń gbóná, tí ara tèmi sì ń tutù."

"Irúfẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀ ò sí."

"Oníbúrẹ́dì wà."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo tún gbogbo ìṣirò náà ṣe. Ìlú tó bá dára fún iṣẹ́ ò ní dára fún oorun. Èyí tó bá dára fún oorun, wọ́n á ti dé fìlà níbẹ̀. Tí mo bá mú ti àárín, yóò ba iṣẹ́ jẹ́ díẹ̀, yóò ba oorun jẹ́ díẹ̀. Mo ti fẹ́ gbà pé àlọ́ yìí ò ṣe é já.

"Sún ọkọ̀ síwájú," bọ̀dá mi ní látẹ̀yìn kọ́tìnì. "Oòrùn ti dé orí bẹ́ẹ̀dì mi."

Mo dìde, mo sún un dé abẹ́ igi tó tẹ̀ lé e, mo tẹ búréèkì. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí búréèkì náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ilé kúrò nínú oòrùn ni, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ yìí wá, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni mo ti ń ṣírò. Mo ń da ọ̀sán àti òru pọ̀, mo ń fún wọn ní máàkì kan ṣoṣo, bíi pé ibi tí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ sùn.

Mo pín máàkì náà sí méjì, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìsàlẹ̀ òkè tí a wà.

"Bọ̀dá mi, ẹ rántí ìlú tó gba mẹ́ta?"

"Èyí tó o ní kí n tẹná kọjá? Tí ajá ń sùn sínú gọ́tà?"

"Òun gan-an. Ibẹ̀ lẹ máa ti gẹ irun. Òkè níbí lẹ máa sùn."

Wọ́n yọjú látẹ̀yìn kọ́tìnì. "Lójoojúmọ́?"

"Ṣebí ilé wa ní táyà."

"Epo ńkọ́?"

"Téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, kì í jẹ epo púpọ̀."

"Ṣé sísọ̀ kalẹ̀ nìkan ló wà ni?"

Mo tún fa fóònù yọ láti ṣírò epo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Lọ́jọ́ kejì a sọ̀ kalẹ̀. Kọ́nà kẹta ni ooru ti pàdé wa. A páàkì síwájú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sun bíríkì, mo sì ta aṣọ sókè fún ibòòji. Bọ̀dá mi ò tíì gbọn aṣọ ọrùn tán tí òṣìṣẹ́ kan fi já sórí àga.

"Ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Ńṣe ló ń jó mi lórí."

"Ṣé kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù níwájú?"

"Kí n máa fi ṣe kí ni, ọ̀gá?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo bọ̀dá mi látorí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sùn, ọwọ́ wọn ò sì gbọ̀n. Mo gbá irun títí ìgbálẹ̀ fi fẹ́ tú.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, a ká aṣọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà. Bọ́ọ̀sì náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Atẹ́gùn tútù ti ń gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí fóònù dún. Bọ̀dá mi wò ó, wọ́n jù ú sí mi lórí ẹsẹ̀.

"Bá mi gbé e. Sọ fún un pé mò ń wakọ̀ lọ sílé."

Mo gbé e. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún ní kó má wulẹ̀ dúró de bọ́ọ̀sì yìí mọ́.

"Ilé wo?" ni oníbúrẹ́dì bi mí.

Bọ̀dá mi fa jíà wálẹ̀, ọkọ̀ kérora, a sì yí kọ́nà tó kẹ́yìn.